Ìwú iṣan ìríran

Ìwú iṣan ìríran jẹ́ àmì àìsàn tí ó máa ń wáyé nígbà tí orí iṣan tí ó so ẹyinjú mọ́ ọpọlọ bá wú. Iṣan yìí ni ó ń gbé ohun tí ojú rí lọ sí ọpọlọ. Fọ́nrán inú rẹ̀ sì lé ní mílíọ̀nù kan. Ìwú náà kì í ṣe àrùn kan pàtó, bí kò ṣe àpẹẹrẹ pé nǹkan mìíràn ń ṣẹlẹ̀ nínú ojú, nínú orí tàbí nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀yìn inú ojú ni ó ti ń wú, nítorí náà ẹyinjú lè mọ́ láìpọ́n, láìsun omi, kí iṣan náà sì ti máa bàjẹ́. Fọ́nrán tí ó bá ti kú kì í hù padà.

Àwọn ohun tí ó lè fà á

Bí ó bá jẹ́ ojú méjèèjì, ohun tí dókítà kọ́kọ́ máa ń fura sí ni pé ìfúnpá inú agbárí ti ga jù. Kókó inú ọpọlọ, àrùn yírùnyírùn tàbí ẹ̀jẹ̀ dídì nínú ọpọlọ lè fà á. Ó tún lè ṣẹlẹ̀ sí ọ̀dọ́bìnrin tí ó sanra jù, láìsí kókó kankan. Orí fífọ́, èébì, àti kí ojú ṣókùnkùn fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ wà lára àmì rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí ó ga gidigidi pẹ̀lú lè fa ìwú ojú méjèèjì.

Bí ó bá jẹ́ ojú kan, iṣan náà lè gbiná: ojú á máa dunni nígbà tí a bá yí i, àwọ̀ pupa á sì ṣì. Sífílísì àti ikọ́ ẹ̀gbẹ wà lára ohun tí ó lè fà á. Lára ẹni tí ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, pàápàá ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ, ẹ̀jẹ̀ lè má dé iṣan náà mọ́. Ó lè jí láàárọ̀ kí ojú kan ti ṣú, láìsí ìrora.

Májèlé pẹ̀lú ń fà á. Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, àwọn ènìyàn kan kú ní agbègbè Ode-Irele, Ìpínlẹ̀ Oǹdó, lẹ́yìn tí orí ti fọ́ wọn tí ojú wọn sì ṣú. Àyẹ̀wò fi hàn pé mẹtánọ́ọ̀lì inú ọtí ìbílẹ̀ ni ó fà á.

Ìyàtọ̀ sí gbígbẹ iṣan

Ní àwọn ọdún 1960, Benjamin Osuntokun, onímọ̀ ìṣègùn ní Ìbàdàn, ṣe ìwádìí àrùn kan tí ó ń mú kí ẹsẹ̀ kú, kí ìrìn má dúró, kí ojú sì ṣú. Ó so ó mọ́ sáyánáídì inú ẹ̀gẹ́ tí a kò ṣe dáadáa. Nínú àrùn yìí, iṣan ìríran sábà máa ń gbẹ ni, kì í wú.

Wíwá ìdí rẹ̀

Ní àwọn abúlé àgbẹ̀ ní Akinyẹle, Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Ará, àgbo, oògùn ojú láti kẹ́míìsì tàbí awò ọjà lè jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tí ènìyàn gbìyànjú. Kò sí èyí tí ó lè wo ẹ̀yìn ojú nínú wọn. Ilé ìlera tí ó súnmọ́ni lè wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, kí ó sì fi ìwé ránni lọ sí ilé ìwòsàn ńlá bíi UCH ní Ìbàdàn, tí ó ṣí ní ọdún 1957.

Dókítà ojú máa ń yẹ bí aláìsàn ṣe ń ka lẹ́tà àti bí ó ṣe ń dá àwọ̀ mọ̀. Á tan iná sí ojú kọ̀ọ̀kan, á kán oògùn tí ń la ẹyinjú sí i, á sì fi awò tí Hermann von Helmholtz ará Jámánì ṣe ní ọdún 1851 wo inú rẹ̀, tàbí irinṣẹ́ ìgbàlódé tí ó jọ ọ́. Bí ojú méjèèjì bá wú, a máa ń ya àwòrán orí kí a tó fa omi ọ̀pá ẹ̀yìn. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lè tẹ̀lé e. Iṣan ẹlòmíràn jọ èyí tí ó wú láti ìbí, láìsí àrùn kankan.

Kí aláìsàn kó gbogbo oògùn rẹ̀ dání, nítorí ethambutol tí a ń lò fún ikọ́ ẹ̀gbẹ lè pa iṣan ìríran lára. Ṣùgbọ́n kí ó má dá a dúró fúnra rẹ̀. Bí ojú bá ṣú lójijì, tàbí tí ó ṣú pẹ̀lú orí fífọ́ àti èébì, tàbí lẹ́yìn ọtí mímu, ọjọ́ náà gan-an ni kí a dé ilé ìwòsàn.