Àhesọ, Ẹ̀rí àti Òṣèlú Ìsàlẹ̀ Èkó: Àwọn Ìwé Ìròyìn Èkó Láàárín Ọdún 1920 sí 1931

Ìfáàrà

Ẹ̀sùn tí ó wọ́pọ̀ jù lọ sí àwọn ìwé ìròyìn gbọ́yìí-sọ̀yí orí íntánẹ́ẹ̀tì ni pé wọ́n ti sọ ọ̀rọ̀ òṣèlú di àhesọ: orúkọ ìnagijẹ olóṣèlú ni wọ́n fi ń ṣe àkọlé, aáwọ̀ ààfin ni wọ́n fi ń fa òǹkàwé mọ́ra, "a gbọ́ pé" sì ti gba ipò ẹ̀rí. A máa ń sọ ẹ̀sùn yìí bí ẹni pé ìgbà kan wà rí tí ìròyìn òṣèlú Èkó mọ́ kúrò nínú àhesọ. Ìtàn kò gbè é lẹ́yìn. Láàárín ọdún 1920 sí 1931, nígbà tí ọ̀ràn Elékòó Èṣùgbàyí gba ìlú kan, àhesọ wà lára àwọn ohun èlò tí àwọn ìwé ìròyìn fi ń ṣe òṣèlú. Ohun tí iṣẹ́ yìí ń fi hàn ni pé àhesọ náà kò ṣàdédé hù. Abẹ́ ìjọba tí kò ka ṣíṣe àlàyé fún ará ìlú sí ọ̀ranyàn ni ó ti hù. Nígbà tí ọ̀rọ̀ sì dé ilé ẹjọ́, ìwé ìròyìn ni a kọ́kọ́ béèrè ẹ̀rí lọ́wọ́ rẹ̀. Ọwọ́ gómìnà ni a ti béèrè gbẹ̀yìn.

Ọ̀pá àṣẹ àti agogo akéde

Gbòǹgbò aáwọ̀ náà ti wà nílẹ̀ ṣáájú ọdún 1920. Láti ọdún 1908 ni ìjọba ti ń pète pé kí ará Èkó máa san owó omi ẹ̀rọ. Ìsàlẹ̀ Èkó kọ̀, Èṣùgbàyí wà lẹ́yìn wọn, ọ̀rọ̀ náà sì di rògbòdìyàn ní ọdún 1916. Ó pín àwọn Mùsùlùmí Èkó pàápàá sí méjì: ìhà Lèmọ́mù fara mọ́ ìjọba, ìhà Jámáà sì dúró ti Elékòó.

Ní ọdún 1920, Amodu Tijani, tí ó jẹ́ Olóyè Olúwa, lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lórí ilẹ̀ Àpápá tí ìjọba gbà. Herbert Macaulay bá a lọ gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé rẹ̀, ó sì mú ọ̀pá àṣẹ Elékòó dání. Nínú ọ̀rọ̀ tí ó jáde ní ìlú Òyìnbó, a pe Èṣùgbàyí ní olórí mílíọ̀nù 17 ènìyàn Nàìjíríà, tí owó tí ó ń gbà kò sì tó ti òyìnbó tí ó kéré jù lọ nínú àwọn tí ń tún ọgbà ṣe. Ìjọba bínú, ó sì ní kí Elékòó sẹ́ ọ̀rọ̀ náà. Elékòó gbà láti sẹ́ ẹ nínú lẹ́tà. Ohun tí ó kọ̀ ni pé kí akéde lu agogo káàkiri ìlú láti sẹ́ Macaulay. Ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún 1920, ìjọba kéde pé òun kò kà á sí Elékòó mọ́.

Ó yẹ kí a wo ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín lẹ́tà àti agogo. Inú fáìlì ní ọ́fíìsì ni lẹ́tà ń sùn. Ọ̀rọ̀ tí akéde bá sọ ti di ti gbogbo ìlú. Ìjọba mọ̀ bẹ́ẹ̀, Elékòó náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kí ìwé ìròyìn Yorùbá ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ tó gbòde rárá, ìjà ti wà lórí ẹni tí yóò máa ròyìn fún Ìsàlẹ̀ Èkó. Ní oṣù Agẹmọ ọdún 1921, Ìgbìmọ̀ Ìdájọ́ Ọba Gẹ̀ẹ́sì, ìyẹn Privy Council, dá Olóyè Olúwa láre lórí ọ̀ràn ilẹ̀ náà. Àmọ́ ìjọba kò dá ipò Èṣùgbàyí padà fún un.

Àwọn elétí ọfẹ

Ẹnu àkókò yìí ni àwọn ìwé ìròyìn Yorùbá jáde sí. Adéoyè Dẹ́nígà dá Èkó Akéte sílẹ̀ ní ọdún 1922, E. A. Akíntàn gbé Elétí Ọfẹ jáde ní ọdún 1923. Èkó Ìgbẹ̀yìn dé ní ọdún 1926. Akéde Èkó ti I. B. Thomas tẹ̀ lé e ní ọdún 1928. Orúkọ wọn fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹ̀rí. Ọ̀kan gba oríkì ìlú, ọ̀kan pe ara rẹ̀ ní ẹni tí etí rẹ̀ mú, ọ̀kan gba iṣẹ́ alágogo lọ́wọ́ ààfin. Wọn kò fi ara wọn pe àkọsílẹ̀ ìjọba. Ẹnu àti etí ìlú ni wọ́n pe ara wọn.

Ìdí kan gbòógì wà fún èyí. Òfin ìjọba ti ọdún 1922 fún Èkó ní ìjókòó mẹ́ta tí a óò dìbò yàn nínú Ìgbìmọ̀ Aṣòfin, ẹgbẹ́ NNDP tí Macaulay kó jọ ní ọdún 1923 sì gba wọn. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tí ó bá ń rí £100 lọ́dún nìkan ni ó lè dìbò. Obìnrin kankan kò sí nínú rẹ̀. Macaulay fúnra rẹ̀ kò lè du ipò nítorí ẹ̀wọ̀n tí ó ti ṣe ní ọdún 1913. Nínú ìlú tí ó ní nǹkan bí ọ̀kẹ́ márùn-ún ènìyàn, àwọn olùdìbò kò ju ẹgbẹ̀rún díẹ̀ lọ. Ìyálọ́jà, apẹja àti oníṣẹ́ ọwọ́ Ìsàlẹ̀ Èkó kò ní ìbò, ṣùgbọ́n wọ́n ní etí. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kà ń gbọ́ láti ẹnu ẹni tí ó mọ̀ ọ́n kà. Bí ìlú ṣe ń sọ ọ̀rọ̀ ni òṣèlú ṣe ń dé ọ̀dọ̀ wọn: nípa orin, èébú, àkàwé àti ìnagijẹ. Ìlú sọ Macaulay ní Ejònígboro, orúkọ kan ṣoṣo tí ó kó ìbẹ̀rù àti ìyìn pọ̀.

Ọgbọ́n ìkọ̀wé yìí kò mọ sórí òṣèlú. Láàárín ọdún 1929 sí 1930, Akéde Èkó tẹ ìtàn Sẹ̀gilọlá jáde gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà tí obìnrin kan ń kọ ránṣẹ́ sí olóòtú, ọ̀pọ̀ òǹkàwé sì gbà pé ènìyàn gidi ni. Thomas gan-an ni ó kọ ọ́. Òǹkàwé tí ó gba Sẹ̀gilọlá gbọ́ náà ni ó ń ka ìròyìn ààfin nínú ìwé kan náà.

Ẹ̀tù ọdún 1928

Ní oṣù Ògún ọdún 1925, ìjọba rọ Èṣùgbàyí lóyè, ó sì lé e lọ sí Ọ̀yọ́. Ìbíkúnlé Akítóyè gorí oyè. Nígbà tí ó wàjà ní ọdún 1928, Sànúsí Olúṣí rọ́pò rẹ̀. Ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì náà pín sí méjì. Nigerian Pioneer ti Kitoyi Ajasa ń gbè sẹ́yìn ìjọba. Lagos Daily News, tí Macaulay àti Dókítà J. A. Caulcrick rà ní ọdún 1927, sì jẹ́ ohùn àwọn tí ó fẹ́ kí Èṣùgbàyí padà sí Ìga Ìdúngànràn.

Ìwé ìròyìn yìí ni ó gbé àhesọ jáde ní ọdún 1928 pé àwọn kan ti dìtẹ̀ láti fi ẹ̀tù pa Èṣùgbàyí. Ilé ẹjọ́ dá Macaulay lẹ́bi ìbanilórúkọjẹ́, ó sì rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà.

Ó rọrùn láti lóye ìdí tí àhesọ náà fi wọ etí ìlú. Ọba tí a mú lọ lójijì, tí a kò ṣàlàyé ọ̀ràn rẹ̀ fún ará ìlú, tí ẹlòmíràn sì ń jókòó sórí àga rẹ̀, kò ṣòro fún ènìyàn rẹ̀ láti bẹ̀rù ikú rẹ̀. Síbẹ̀, òye kì í ṣe àwíjàre. Ìnagijẹ lè dun ènìyàn, kí ó sì parí síbẹ̀. Ẹ̀sùn ìpànìyàn lè dá ìjà sílẹ̀ ní ojúlé tí ẹbí méjèèjì jọ ń gbé. Olóòtú tí ó gbé irú rẹ̀ jáde láìsí ẹ̀rí ti kọjá ààlà iṣẹ́ akéde, nítorí ẹni tí ó rán akéde níṣẹ́ kì í ṣe aláìmọ̀.

Ẹ̀rí lọ́wọ́ gómìnà

Ní àsìkò yẹn kan náà, ẹjọ́ Èṣùgbàyí fúnra rẹ̀ ń lọ. Ní ọdún 1928, Privy Council sọ pé bí adájọ́ kan bá kọ ẹ̀bẹ̀ ẹni tí a dè mọ́lẹ̀, adájọ́ mìíràn gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ. Ní ọdún 1931 ni ìdájọ́ tí ó lókìkí jù wáyé, tí Lord Atkin kà. Ìjọba ti ní àṣà ìbílẹ̀ ni ó mú kí ọba tí a rọ̀ lóyè kúrò nílùú. Atkin ní àṣẹ gómìnà nìkan kò tó; ilé ẹjọ́ gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá àṣà bẹ́ẹ̀ wà ní tòótọ́, nítorí aláṣẹ kò lè fọwọ́ kan òmìnira ènìyàn àyàfi bí òfin bá fún un lágbára bẹ́ẹ̀.

Lédè mìíràn, ọ̀rọ̀ tí ìjọba fi lé ọba kúrò nílùú jẹ́ ohun tí a kò tíì fi ẹ̀rí gbè. Oṣù mẹ́fà ni olóòtú fi san gbèsè tirẹ̀ lẹ́wọ̀n; ọdún mẹ́fà ni ó kọjá kí a tó béèrè ohun kan náà lọ́wọ́ gómìnà. Gómìnà Donald Cameron yanjú ọ̀ràn náà láìdúró de ìgbẹ́jọ́ mìíràn: Sànúsí kúrò lórí oyè, Èṣùgbàyí sì padà sílé ní ọdún 1931. Ó wàjà ní ọdún 1932.

Àgbálọgbábọ̀

Ní ọjọ́ 21 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2020, nígbà rògbòdìyàn tí ó tẹ̀lé ìwọ́de EndSARS, àwọn ènìyàn ya wọ Ìga Ìdúngànràn. Fídíò àwọn tí ó gbé ọ̀pá àṣẹ dání sì tàn ká orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn tí Macaulay gbé ọ̀pá àṣẹ ààfin kan náà dé Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀pá ààfin tún di ìròyìn òṣèlú, ọwọ́ ààfin kò sì tún ká bí ìlú yóò ṣe gbọ́ ọ. Òfin náà wà níbẹ̀: abala 24 nínú Òfin Ìwà Ọ̀daràn Orí Íntánẹ́ẹ̀tì ti ọdún 2015, tí a tún ṣe ní ọdún 2024, ni a ti fi mú àwọn oníròyìn.

Ẹ̀kọ́ ọdún 1928 àti 1931 kò dá àhesọ láre. Ohun tí ó kọ́ni ni pé a kò lè fi ẹ̀wọ̀n nìkan wo àhesọ sàn, níwọ̀n ìgbà tí aláṣẹ bá ṣì lè ṣe ìpinnu tí ó kan gbogbo ìlú láìṣàlàyé. Àwọn Yorùbá ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Bí a bá ń béèrè ẹ̀rí lọ́wọ́ elétí ọfẹ nìkan, tí a kò béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó ń pàṣẹ, ẹjọ́ ẹnìkan ni a ń dá.