Owó Gbà-má-bínú lórí Òwò Ẹrú

Ìjà fún owó gbà-má-bínú ni akitiyan àwọn ọmọ Áfíríkà nílé lóko láti mú kí àwọn orílẹ̀-èdè tó jèrè òwò ẹrú àti ìjọba amúnisìn jẹ́wọ́ ẹ̀bi wọn, kí wọ́n sì tún ohun tí wọ́n bàjẹ́ ṣe, yálà nípa owó, ìfagilé gbèsè, tàbí dídá ohun ìṣẹ̀ǹbáyé padà. Kì í ṣe ìtọrẹ àánú, gbèsè ni.

Ohun tó dunni jù níbẹ̀ ni pé irú owó yìí ti jáde rí, ṣùgbọ́n olówó ẹrú ló gbà á. Nígbà tí òfin 1833 fòpin sí oko ẹrú ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ abẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, 20 mílíọ̀nù pọ́ùn ni ìjọba yà sọ́tọ̀ fún àwọn olówó ẹrú, nígbà tí àwọn tó ń gé ìrèké nínú oòrùn kò rí kọ́bọ̀. Wọ́n tilẹ̀ fi dandan mú ọ̀pọ̀ nínú wọn sìn lọ́fẹ̀ẹ́ títí di 1838, lábẹ́ orúkọ ọmọṣẹ́.

Ní 1992, Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà gbé ìgbìmọ̀ àwọn èèkàn kalẹ̀ lórí ọ̀ràn yìí, Olóyè M.K.O. Abíọ́lá sì ni alága rẹ̀, òpìtàn J.F. Adé Àjàyí wà lára wọn. Ìpàdé tí wọ́n ṣe lórí rẹ̀ ní Àbújá ní oṣù kẹrin 1993 kéde pé ìpalára òwò ẹrú kì í ṣe ọ̀rọ̀ àná, nítorí ó ṣì hàn lára àwọn aláwọ̀ dúdú dòní. Ó ṣeni láàánú pé àtìmọ́lé tí wọ́n fi Abíọ́lá sí ní 1994 ké iṣẹ́ rẹ̀ kúrú, inú àtìmọ́lé náà ló sì kú sí ní 1998. Àwọn orílẹ̀-èdè Karibíánì gbé ìgbìmọ̀ tiwọn dìde ní 2013, ìtọrọ àforíjì ló sì ṣíwájú nínú ohun mẹ́wàá tí wọ́n ń béèrè.