Gíà Ọwọ́ àti Ọtomátíìkì: Ẹ̀kọ́ Ìkẹjà àti Agége

Láti ìgbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ti dá àgbègbè ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní Ìkẹjà ni níní ọkọ̀ ti jẹ́ àfojúsùn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ àti ti Agége. Ní 1975, Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Ọ̀jọ́, Peugeot sì bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní Kàdúná. Ọkọ̀ ìjàpá àti 504 gbòde. Gíà ọwọ́ ló pọ̀ jù nínú wọn, mẹkáníìkì àdúgbò sì mọ̀ ọ́n tú, ó mọ̀ ọ́n dì.

Nígbà tí ìjọba Babangida gbé ètò SAP kalẹ̀ ní 1986, náírà já wálẹ̀, ọkọ̀ tuntun kọjá agbára òṣìṣẹ́. Ni tòkunbọ̀ bá gba ìgboro. Èyí tó ti Yúróòpù wá sábà máa ń jẹ́ gíà ọwọ́. Ti Amẹ́ríkà, ọtomátíìkì. Sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ Ìkẹjà ló bá ọtomátíìkì polówó: ẹsẹ̀ òsì bọ́ lọ́wọ́ kílọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n bí gíà rẹ̀ bá bàjẹ́, odidi gíà àlòkù ni ọ̀pọ̀ ń wá lọ sí Ládípọ̀, láìmọ ọjọ́ tí yóò lò. Kílọ́ọ̀ṣì tó jẹ tán kì í náni tó bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, kí ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ lónìí kọ́kọ́ wá ẹni tí yóò máa tún un ṣe.