Ọwọ́ Tí Ó Mọ Akọ Yàtọ̀ sí Abo: Ìtọ́jú Igbó Lóko ní Naogaon

Àwọn àgbà ní kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Ọ̀rọ̀ ọmọ títọ́ ni a sábà máa ń fi òwe yìí sọ, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti rẹ́ ẹ̀ka igi rí ni ó kọ́kọ́ yé. Mo fi ṣe ìbẹ̀rẹ̀ nítorí pé ìtàn òfin àti ìtàn àwọn amugbó nìkan ni àwa òpìtàn sábà máa ń kọ nípa igbó. A gbàgbé àgbẹ̀.

Ní agbègbè Naogaon ní Bengal, tí ó wà ní orílẹ̀-èdè Bangladesh nísinsìnyí, ìtàn àgbẹ̀ náà hàn kedere. Lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, apá kan nínú ẹkùn Rajshahi, Dinajpur àti Bogra ni a yà sọ́tọ̀ fún ọ̀gbìn igbó tí wọ́n ń pè ní gánjà. Àgbẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ, ìjọba sì ń gba owó lórí ọjà náà. Ní ọdún 1893, lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ náà dé Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní Lọ́ńdọ̀nù, ìjọba Íńdíà yan ìgbìmọ̀ ìwádìí. Ìgbìmọ̀ náà gba ẹ̀rí lẹ́nu ènìyàn 1,193, ó sì parí iṣẹ́ rẹ̀ ní 1894. Nínú ìwé ìgbìmọ̀ yìí, àti nínú èyí tí Hem Chunder Kerr ti kọ ní 1877, ni a ti rí iṣẹ́ oko náà kà.

Ní oṣù kẹjọ ni wọ́n ń gbin irúgbìn. Ní oṣù kẹsàn-án wọ́n á tú u lọ sórí ebè. Bí ó bá di oṣù kọkànlá, wọ́n á rẹ́ àwọn ẹ̀ka ìsàlẹ̀ dànù. Ẹ̀ka tí oòrùn kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ń jẹ lára igi láìmú nǹkan wá. Bí a bá gé e, afẹ́fẹ́ á ráyè kọjá, àgbẹ̀ á ráyè kó erùpẹ̀ jọ sí ìdí igi, agbára igi á sì lọ sókè.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀gá tí wọ́n ń pè ní poddar á wọ oko. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti dá akọ mọ̀ kí òdòdó rẹ̀ tó là, kí ó sì mú un kúrò. Gbogbo wa mọ̀ pé ìbẹ́pẹ ní akọ àti abo; bẹ́ẹ̀ náà ni igbó. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tiwa ń gé akọ ìbẹ́pẹ nítorí pé kò so. Àgbẹ̀ Naogaon ń mú akọ igbó kúrò kí abo má baà so. Òdòdó abo tí lẹ́búlẹ́bú akọ kò bà lé kì í ní èso. Oje ni ó ń pọ̀ lára rẹ̀, oje yìí ni ọjà ń fẹ́. Akọ kan ṣoṣo tí ojú fò dá lè ba oko jẹ́, atẹ́gùn sì lè gbé lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ dé oko aládùúgbò.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí èyí túmọ̀ sí. Òṣìṣẹ́ ìjọba lè wọn ìkórè, ó lè kọ orúkọ àgbẹ̀ sílẹ̀, ó lè gba owó. Ṣùgbọ́n ojú poddar ni owó náà gbẹ́kẹ̀ lé. Ìmọ̀ tí ó gbé ilé ìṣúra ró wà lọ́wọ́ ẹni tí kò sí nínú ìjọba.

Ní 1917, àwọn àgbẹ̀ náà dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sílẹ̀. Àdéhùn àgbáyé ti 1961 ni ó fi òpin sí irú ọ̀gbìn bẹ́ẹ̀. Ní 1987, Bangladesh fòfin dè é. Lọ́dọ̀ tiwa, òfin ológun ti 1966 sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ ikú, tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún 21, fún ẹni tí ó bá gbin igbó.

N kò wá bẹ̀bẹ̀ fún igbó. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìmọ̀ ọwọ́ máa ń bá ọ̀gbìn lọ bí ẹnikẹ́ni kò bá béèrè rẹ̀. Àgbẹ̀ kòkó wa tí ó mọ ẹ̀ka tí a ń gé àti èyí tí a ń fi sílẹ̀ ń darúgbó lọ. Kí a lọ bi í léèrè nígbà tí ẹnu rẹ̀ ṣì lè dáhùn.