Ta Ni Kò Sí Níbẹ̀? Ìtàn Àáró, Èésú àti Gúrúùpù Orí Fóònù ní Ṣàngó Ọ̀tà

Ẹ lè máa bi ara yín pé kí ló kan ìtàn kan gúrúùpù WhatsApp. Gúrúùpù ọmọ ìlú, ti kíláàsì, ti àdúgbò, gbogbo wa la wà níbẹ̀, a sì máa ń ṣe bí ẹni pé òyìnbó ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ wa bí a ṣe ń ran ara wa lọ́wọ́. Irọ́ ni. Fóònù ni tuntun, ọgbọ́n inú rẹ̀ ti pẹ́ nílẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú ọgbọ́n àtijọ́ náà tí a kò kó wọnú fóònù. Òun ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti oko. Kí ilé-iṣẹ́ kankan tó dé Ọ̀tà, àwọn Àwórì tó ni ilẹ̀ ń ro oko níbẹ̀, iṣẹ́ oko kì í sì í ṣe iṣẹ́ ẹnì kan. Bí ọ̀dọ́ márùn-ún bá gbà láti ṣe àáró, wọ́n á ro oko Àjàní lónìí, wọ́n á ro ti Àkànní lọ́la, títí yóò fi kárí. Ọ̀wẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀. Ẹni tó fẹ́ kọ́lé, tàbí tó fẹ́ ṣiṣẹ́ àna, ló máa ń bẹ ọ̀wẹ̀, òun náà ló sì máa bọ́ àwọn tó bá wá. Ẹ kíyè sí i: nínú méjèèjì, bí ẹnì kan kò bá wá, gbogbo ojú ló máa rí i. Ebè tó yẹ kó kọ á wà nílẹ̀ gbalaja. Wọ́n á ní, "Làmídì dà?" Ẹnì kan á yà nílé rẹ̀ lọ wò ó. Bóyá ọ̀lẹ ni, bóyá ibà ló dá a gúnlẹ̀.

Èésú ni ti owó. Samuel Johnson, àlùfáà tó kọ ìtàn Yorùbá, parí ìwé rẹ̀ ní 1897, ṣùgbọ́n 1921 ni wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Ó ṣàlàyé èésú nínú rẹ̀: iye owó kan pàtó, ní àsìkò kan pàtó, lábẹ́ olórí kan, tí gbogbo owó náà á máa bọ́ sọ́wọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní 1952, William Bascom, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, kọ odidi àpilẹ̀kọ lé e lórí. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú ló gbé e sọdá òkun. Títí dòní, susu ni àwọn ará Trinidad ń pè é. Ẹ wò ó ná: wọ́n gba ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn, wọ́n gba orúkọ lọ́wọ́ wọn, wọn kò rí èésú gbà.

Ní 3 February 1976, wọ́n dá ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀. Ọ̀tà kò jìnnà sí Èkó, ilẹ̀ ibẹ̀ sì pọ̀, ni ilé-iṣẹ́ bá ń pọ̀ sí i: ti irin, ti ike, ti ọṣẹ, ti oúnjẹ. Àwọn èèyàn wá láti Ìbàdàn, láti Kwara, láti Benue, láti ilẹ̀ Ìgbò, títí kan Orílẹ̀-èdè Benin. Nínú ilé oníyàrá mẹ́wàá, ẹ lè gbọ́ èdè mẹ́rin kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Ta ni mọ̀lẹ́bí ẹni níbẹ̀? Kò sí. Àwọn òṣìṣẹ́ bá dá èésú sílẹ̀ láàárín ara wọn: èèyàn méjìlá, ₦5,000 lẹ́nì kan lóṣooṣù, ẹni tó kàn á kó ₦60,000. Àwọn ọlọ́jà ní tiwọn mú alájọ. Bí o bá ń dá ₦100 lójúmọ́, tí oṣù bá jẹ́ ọgbọ̀n ọjọ́, ₦3,000 ni. Alájọ á mú owó ọjọ́ kan, á kó ₦2,900 fún ẹ.

Ẹ̀wà ni màmá mi ń tà lẹ́nu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ kan ní Ọ̀tà. Nígbà tó ṣàìsàn, tí kò jáde fún ọjọ́ mẹ́ta, alájọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ wá kanlẹ̀kùn. Káàdì ló sọ fún un. Àlàfo mẹ́ta ló wà lórí rẹ̀.

Ìgbà tó di August 2001, fóònù GSM dé Nàìjíríà. Owó káàdì SIM nígbà náà ju owó oṣù ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ lọ, bíi ₦50 sì ni ìṣẹ́jú kan. Kí ni àwọn èèyàn ṣe? Wọ́n ń lọ sábẹ́ agboòrùn àwọn obìnrin tó ń ta ìpè. Obìnrin abẹ́ agboòrùn mọ ẹni tí ìyàwó rẹ̀ bímọ, ó mọ ẹni tí bàbá rẹ̀ kú sílé. Wọ́n dá WhatsApp sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 2009, nígbà tó sì yá, oníkálukú di ẹni tó ń gbé agboòrùn tirẹ̀ sápò.

Ó wá ku 2020. Ní 27 February ọdún náà ni àyẹ̀wò fìdí ẹni àkọ́kọ́ tó ní àrùn Kòrónà múlẹ̀ ní Nàìjíríà, ọmọ Italy kan tó ti dé Ewékorò, ní ìpínlẹ̀ Ògùn wa níbí. Ní April, kónílé-ó-gbélé mú wa mọ́lé. Iṣẹ́ dúró, owó tán. Ìròyìn bá gba ìgboro pé àwọn One Million Boys àti Awawa ń bọ̀ wá jalè láti àdúgbò dé àdúgbò: Agége, Alágbàdo, títí dé Ṣàngó. Àwọn ọkùnrin jáde pẹ̀lú àdá àti igi, wọ́n ń dáná sun táyà ní oríta, wọn kò sùn. Àwọn ọlọ́pàá kéde pé àwọn mú àwọn kan.

Mo wà nílé ẹ̀kọ́ girama nígbà náà, lẹ́yìn Toll Gate là ń gbé. Fóònù kò yéé dún: "Wọ́n ti dé òpópónà kejì o!" A sáré dé òpópónà kejì, àwọn ará ibẹ̀ ní ọ̀dọ̀ wa làwọn gbọ́ pé wọ́n wà. Olè kankan kò dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ̀rù ló dé, orí fóònù ló sì gbà wá.

Ṣùgbọ́n fóònù kan náà ló gba ẹ̀mí là. Lóru ọjọ́ kan, aboyún kan bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí. Ọkọ rẹ̀ kọ ọ́ sórí gúrúùpù, aládùúgbò kan gbé mọ́tò jáde. Gbogbo oríta ni wọ́n ti dí. Gúrúùpù wa sọ fún gúrúùpù òpópónà kejì, àwọn yẹn sọ fún ti iwájú, wọ́n ń ṣí ọ̀nà títí ó fi dé ilé ìwòsàn. Bí àáró gan-an ni.

Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà, àdúgbò dáwó ra gàárì àti ìrẹsì, wọ́n sì pín in bí orúkọ ṣe wà lórí gúrúùpù. Bàbá kan ń gbé yàrá ẹ̀yìn lọ́dọ̀ wa, ó ń ṣọ́ ilé-iṣẹ́ kan tó ti tì. Fóònù onítọ́ọ̀ṣì kékeré ló ní, kò sí lórí gúrúùpù. A pín oúnjẹ kọjá ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ọjọ́ méjì ni bàbá yìí fi wà lórí ìdùbúlẹ̀ láìjẹun, kí ọmọ kékeré kan tó máa ń bá a pọnmi tó ní, "Bàbá ò jáde láná o." Ọlọ́run ṣe é, kò kú. Màmá mi jókòó, ó ní, "Ká ní àjọ ni, à bá ti mọ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Àáró máa ń ka ebè, alájọ máa ń wo káàdì. Gúrúùpù ẹni tó sọ̀rọ̀ nìkan ló ń gbọ́. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ní March 2020, àwọn aládùúgbò dá irú gúrúùpù bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn tún ń fi ìwé pélébé sẹ́nu ilẹ̀kùn láti ilé dé ilé, kí ẹni tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì lè rí nọ́ńbà tó máa pè. Wọ́n rántí ebè tí kò sẹ́ni tó kọ ọ́.

Ẹ̀yin ará mi, ẹ wo gúrúùpù kíláàsì wa. Bí ẹnì kan bá ní bàbá òun kú, ọgọ́rùn-ún èèyàn á kọ "Ẹ pẹ̀lẹ́" kí iná tó lọ. Ó dára, kò burú. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò kọ nǹkan kan láti oṣù tó kọjá ńkọ́? Ẹni tí kò rówó ra dátà? Ẹni tí kò wá síbi ìdánwò? Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àwọn àgbà yìí kan náà ló ń yà nílé Làmídì. Lónìí, kí o tó sùn, ṣí gúrúùpù rẹ, ka orúkọ ibẹ̀ láti òkè délẹ̀, kí o sì béèrè: ta ni kò sí níbẹ̀? Lẹ́yìn náà, dìde, kí o lọ kanlẹ̀kùn rẹ̀.