Ìsinmi Tí A Jẹ Ara Wa: Ọjọ́ Ìsinmi, Eré àti Ìgbàgbọ́ ní Berea, Johannesburg

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá ọdún 2011, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ lórí ọ̀rọ̀ ìwé òfin ilẹ̀ South Africa dá ẹjọ́ lórí ilé kan tó wà ní ojúlé 7, Saratoga Avenue, ní Berea, Johannesburg. Blue Moonlight Properties ló ni ilé náà, ó sì fẹ́ kí àwọn tálákà tó ń gbé ibẹ̀ jáde. Adájọ́ gbà pé kí wọ́n jáde, ṣùgbọ́n ó pàṣẹ pé kí ìjọba ìlú kọ́kọ́ wá ibi tí wọn yóò forí pamọ́ sí. Àwọn kan lára wọn dé ilé ààbò tí wọ́n ń pè ní Ekuthuleni, tí ẹgbẹ́ onígbàgbọ́ kan, Metropolitan Evangelical Services, ń bá ìjọba bójú tó. Nínú ilé yìí nígbà náà, bí agogo mẹ́jọ àárọ̀ bá ti lù, kóówá á jáde síta, ó di agogo márùn-ún ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ kí ìlẹ̀kùn tó ṣí padà. Ọkùnrin ń sùn lọ́tọ̀, obìnrin ń sùn lọ́tọ̀, ìbáà ṣe tọkọtaya. Àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn tún gba kóòtù lọ, nígbà tó sì di oṣù Kejìlá ọdún 2017, nínú ẹjọ́ tí àwọn amòfin mọ̀ sí Dladla, ilé-ẹjọ́ sọ pé òfin méjèèjì tẹ ẹ̀tọ́ wọn lójú.

Amòfin ń ka ẹjọ́ yìí sí ọ̀rọ̀ ilé gbígbé. Èmi kà á sí ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ìsìn, nítorí ohun tí wọ́n ń jà fún kò ju àyè láti fẹ̀yìn lélẹ̀ lọ́sàn-án, kí tọkọ tìyàwó àtọmọ sì lè jókòó pọ̀ láìṣe nǹkan kan. N kò sọ pé ìkà ló ṣe òfin yẹn. Ohun tí mo rí nínú rẹ̀ ni èrò kan tó ti mọ́ ìjọ lára, ìjọ àwa Yorùbá tó wà ní ìlú yìí náà kò sì yọ sílẹ̀: pé èrè iṣẹ́ ni ìsinmi, ẹni tí kò bá tíì ṣiṣẹ́ tó kò tíì lẹ́tọ̀ọ́ sí i, eré ní tirẹ̀, wọ́n fi í sílẹ̀ fún ọmọdé. Mo fẹ́ jiyàn pé òdìkejì èyí ni ẹ̀kọ́ Kírísítẹ́nì. Gbèsè ni ìsinmi, ẹni tí àkókò ẹlòmíràn wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ ló jẹ ẹ́. Ìjọ tó bá fẹ́ kí ẹ̀mí àwọn ọmọ rẹ̀ dọ̀tun ní Berea ní láti kọ́kọ́ wo iye àkókò wọn tí òun fúnra rẹ̀ ń gbà.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni òfin ọjọ́ ìsinmi wà nínú Òfin Mẹ́wàá. Nínú Ẹ́kísódù 20, ìdí rẹ̀ ni pé Ọlọ́run sinmi lẹ́yìn tó dá ayé tán. Nínú Diutarónómì 5, ìdí rẹ̀ ni pé Ísírẹ́lì ti ṣe ẹrú rí ní Íjíbítì. Ti àkọ́kọ́ la sábà máa ń wàásù lé lórí. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ibi méjèèjì ló ka àwọn tó gbọ́dọ̀ sinmi lẹ́sẹẹsẹ: ọmọkùnrin, ọmọbìnrin, ẹrú, ẹran ọ̀sìn, àti àlejò tó wà nínú ibodè. Ta wá ni òfin náà ń bá wí? Olówó wọn ni. Kò ní kí ẹrú lọ fi ọgbọ́n wá àyè sinmi. Ọ̀gá ló ní kó jẹ́ kó sinmi. Ẹ́kísódù 23:12 tilẹ̀ sọ pé kí ọmọ ẹrúbìnrin àti àlejò lè mí kanlẹ̀ ni, orí 31 ẹsẹ 17 sì sọ ohun kan náà nípa Ọlọ́run pẹ̀lú. Ẹlẹ́dàá àti àlejò jọ ń mí kanlẹ̀ lọ́jọ́ keje. N kò rí ibòmíràn nínú Ìwé Mímọ́ tó gbé òṣìṣẹ́ ga tó báyìí.

Àlejò ló sì kún Berea. Láti ìgbà tí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà ti kógbá sílé ni àwọn ará Nàìjíríà, Kóńgò àti Zimbabwe ti ń rọ́ wọ àwọn fúláàtì Berea, Hillbrow àti Yeoville. Òfin iṣẹ́ tí South Africa ṣe ní 1997 ní kí òṣìṣẹ́ má ṣe ju wákàtí 45 lọ lọ́sẹ̀, yàtọ̀ sí àfikún tí wọ́n bá jọ fẹnu kò sí, kó sì ní wákàtí 36 tó so pọ̀ fún ìsinmi, tí ọjọ́ Sọ́ńdè yóò wà nínú rẹ̀ àyàfi bí wọ́n bá jọ fẹnu kò sí ọjọ́ mìíràn. Òfin dáadáa ni, ṣùgbọ́n agbanisíṣẹ́ ló ń bá sọ̀rọ̀. Kò dé ọ̀dọ̀ awakọ̀ tó ń fi ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ ṣe Bolt, takisí tí a ń pè lórí fóònù, tó gbọ́dọ̀ kówó fún ọlọ́kọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ yálà èrò wà tàbí kò sí. Kò dé ọ̀dọ̀ onídìrí tó yá àga kan nínú ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn. Sọ́ńdè gan-an ni àwọn oníbàárà rẹ̀ ń ráyè wá. Orí ìdúró ló wà láti àárọ̀, ó ń ya irun, ó ń ki àtáṣímẹ́ǹtì mọ́ ọn, ọrùn ọwọ́ ti ń dùn ún, ó sì há fóònù mọ́ àárín etí àti èjìká, nítorí ìyá ń pè láti Ìbàdàn pé owó ilé-ìwé àbúrò kò tíì wọlé. Ta ni ọ̀gá obìnrin yìí? Owó ilé wà nínú rẹ̀, ẹbí wà nínú rẹ̀. Ìjọ náà wà nínú rẹ̀.

Mo fẹ́ rọra sọ èyí, nítorí ọmọ ìjọ tó ń ṣe ìṣọ́ òru ni èmi náà. Bí a bá wo ọ̀sẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ìjọ tí àwọn Yorùbá ń dá sílẹ̀ nílẹ̀ àjèjì, a óò rí ẹ̀kọ́ Bíbélì láàárín ọ̀sẹ̀, àìsùn lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ìgbáradì akọrin àti ìtọ́jú ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ìsìn ọjọ́ Ìsinmi tó ń wọ ọ̀sán, lẹ́yìn náà ìpàdé òṣìṣẹ́. Àṣà yìí ní ìran Aládùúrà tó yẹ ká bọ̀wọ̀ fún. Lásìkò àjàkálẹ̀ àrùn ọdún 1918 ni àwọn kan nínú ìjọ Áńgílíkà ní Ìjẹ̀bú-Òde dá ẹgbẹ́ àdúrà sílẹ̀. Mósè Orímọládé dá Kérúbù àti Séráfù sílẹ̀ ní 1925. Ìsọjí Joseph Ayọ̀ Babalọlá bẹ́ sílẹ̀ ní 1930. Àdúrà òru gba ẹ̀mí là fún àwọn baba wa. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tó ṣe àìsùn nígbà náà lè sùn lábẹ́ igi nígbà tí oòrùn bá mú. Sẹ́kúrítì tó ṣe àìsùn ní Berea ní láti wà lẹ́nu géètì ní agogo mẹ́fà àárọ̀, yóò sì wà níbẹ̀ fún wákàtí méjìlá gbáko.

Ẹ jẹ́ ká wo Èlíjà nínú Àwọn Ọba Kìíní 19. Ó ti rẹ̀ ẹ́ débi pé ikú ló ń tọrọ. Áńgẹ́lì dé, kò wàásù fún un, kò bá a wí, kò sì ní kó gbàdúrà sí i. Ó fún un ní àkàrà àti omi. Èlíjà jẹun, ó tún sùn. Áńgẹ́lì tún jí i, ó tún bọ́ ọ. Lẹ́yìn oorun kejì yìí ló tó ní agbára láti rìn dé Hórébù, níbi tó ti gbọ́ ohùn Ọlọ́run. Oorun náà wà lára iṣẹ́ tí Ọlọ́run ń ṣe lára wòlíì, kì í ṣe ìdíwọ́ fún un.

Berea fúnra rẹ̀ ní ìtàn kan lórí èyí, n kò sì mọ ìdí tí àwa tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kì í fi í kọ́gbọ́n. Láyé ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà, òfin ti ya Berea sọ́tọ̀ fún òyìnbó. Àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú tó ń ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ nínú àwọn fúláàtì yẹn ń sùn ní yàrá kéékèèké lórí òrùlé, débi tí àwọn ènìyàn fi ń pe àwọn yàrá náà ní àdúgbò ojú sánmà. Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni ọ̀gá sábà máa ń yọ̀ǹda fún wọn. Nítorí èyí ni Manyano, ẹgbẹ́ àdúrà àwọn ìyá nínú ìjọ Mẹ́tọ́díìsì àti àwọn ìjọ mìíràn, ṣe ń pàdé ní Ọjọ́bọ̀ títí di òní. Ti Mẹ́tọ́díìsì ń wọ búláùsì pupa tó ní kọ́là funfun, pẹ̀lú síkẹ́ẹ̀tì dúdú. Ọ̀gá ló yan ọjọ́ fún wọn, àwọn ló sọ ọ́ di mímọ́.

Ẹnì kan lè sọ pé wọ́n tún fi àkókò ìsinmi ṣiṣẹ́ ìjọ ni, gẹ́gẹ́ bí àwa ti ń ṣe. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Nínú Manyano, ìyá ń wàásù fún ìyá, kò sí ẹni tó ń rán wọn níṣẹ́. Wọ́n ń sunkún, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń jó, wọ́n ń jẹun, ẹni tí wọ́n ń pè ní ọmọdébìnrin láti Ọjọ́ Ajé sì ń di ìyá ńlá fún wákàtí díẹ̀. Ìtura yẹn ni mò ń pè ní ọ̀tun ẹ̀mí. Àbùkù rẹ̀ wà ní ibòmíràn: ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wọn wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà lọ́nà jíjìn, nítorí òfin kò gba ọmọ láàyè lórí òrùlé òyìnbó. Níbi yìí ni mo ti yà díẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ Abraham Joshua Heschel, onímọ̀ ìsìn Júù, tó kọ́ wa nínú ìwé rẹ̀ lórí ọjọ́ ìsinmi ní 1951 pé inú àkókò ni ìwà mímọ́ ọjọ́ náà wà, kì í ṣe inú ibi kan. Àkókò nìkan kò tó. Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ wà fún ìyá yẹn, kò sí ibi tí yóò ti gbé ọmọ rẹ̀ lẹ́sẹ̀.

Eré ló kàn. Àwọn míṣọ́nnárì tó mú Ìhìnrere wá sílẹ̀ Yorùbá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún kó ìjà ìlú wọn wá pẹ̀lú. Láti 1618 tí Ọba James Kìíní ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti gbà kí àwọn ènìyàn ṣeré lẹ́yìn ìsìn Sọ́ńdè ni àwọn Pùrítánì ti ń bá ọ̀rọ̀ náà jà, àwọn ọmọlẹ́yìn èrò wọn ló sì wàásù fún wa. Ìjọ tó dàgbà ju ìjà yẹn lọ ní ohùn mìíràn. Nínú Summa Theologiae, apá kejì ti apá kejì, ìbéèrè 168, Thomas Aquinas, onímọ̀ ìsìn ìjọ Kátólíìkì, sọ pé bí ara ṣe nílò ìsinmi ni ọkàn náà nílò eré. Ó tún ìtàn kan pa nípa Jòhánù Àpọ́sítélì, pé ọrun tí a bá fà láìdẹwọ́ yóò ṣẹ́. Ó tilẹ̀ ní ẹni tí kì í ṣeré rárá, tó tún ń ba eré ẹlòmíràn jẹ́, ń ṣẹ̀. Ní South Africa níhìn-ín, ìjọ Nazareth tí Isaiah Shembe dá sílẹ̀ ní 1910 ń pa ọjọ́ Àbámẹ́ta mọ́, ijó sì jẹ́ ìsìn lọ́dọ̀ wọn. Ṣebí Dáfídì náà jó níwájú àpótí ẹ̀rí. Aládùúrà kò sì nílò ẹni tí yóò kọ́ ọ ní èyí.

Ohun tí a kò tíì fi tọkàntọkàn gbà ni eré tí kò ní orin ẹ̀mí nínú: ayò, bọ́ọ̀lù, bojúbojú, àlọ́ lálẹ́. Ilé gogoro kan wà ní Berea tó ń jẹ́ Ponte City, alájà 54, tí wọ́n kọ́ tán ní 1975, ó rí roboto, inú rẹ̀ sì dá lu láti òkè délẹ̀. Nígbà kan, pàǹtírí gun ara wọn nínú ihò yẹn kọjá ọ̀pọ̀lọpọ̀ àjà. Lónìí, àwọn ọmọdé ń ṣeré ní ìsàlẹ̀ ilé náà, nínú gbọ̀ngàn Dlala Nje, ẹgbẹ́ tí Nickolaus Bauer àti Michal Luptak dá sílẹ̀ ní 2012, tí orúkọ rẹ̀ ní èdè Súlù ń sọ fún wọn pé kí wọ́n ṣáà máa ṣeré. Kì í ṣe ìjọ ló dá a sílẹ̀. Sekaráyà 8 sì wà nínú Bíbélì wa: nígbà tí wòlíì ń ṣàpèjúwe Jerúsálẹ́mù tí Ọlọ́run ti padà sí, àwọn arúgbó tó jókòó pẹ̀lú ọ̀pá àti àwọn ọmọ tó ń ṣeré ní ìgboro ló fi ṣe àmì. Ọmọ Yorùbá tí òbí rẹ̀ ti ìlẹ̀kùn fúláàtì mọ́ nítorí ìbẹ̀rù ìgboro, tó sì ń há ẹsẹ Bíbélì sórí ní Sọ́ńdè, kò tíì rí ìlú Sekaráyà.

Àtakò tó lágbára jù ni ti òtòṣì: ẹni tó bá sinmi kò ní jẹun. A ti kọ́ ewì J. F. Ọdúnjọ lórí iṣẹ́ ní ilé-ìwé, a sì mọ̀ pé òótọ́ ni. Nítorí náà ni n kò fi lè wàásù fún onídìrí yẹn pé kó lọ sinmi. Ẹ̀kọ́ mánà nínú Ẹ́kísódù 16 fi hàn pé oúnjẹ ọjọ́ keje wà nílẹ̀ láti ọjọ́ kẹfà kí àṣẹ ìsinmi tó múlẹ̀. Ìpèsè ló ṣáájú. Ìjọ tó mọ bí a ṣe ń dá àjọ lè dá àjọ ìsinmi: kí owó àga ọ̀sẹ̀ kan jáde fún onídìrí kan, kó yí kárí. Kí àìsùn di ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, kí a sì bi ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òru léèrè kí a tó fi orúkọ rẹ̀ sí i. Kí gbọ̀ngàn ìjọ tó ń wà ní títì láti Ọjọ́ Ajé dé Ẹtì ṣí lọ́sàn-án fún eré ọmọdé. Kí pásítọ̀, tí òun náà sábà máa ń ṣiṣẹ́ mìíràn jẹun, ní ọjọ́ kan tí ẹnikẹ́ni kò ní pè é, nítorí nínú Máàkù 6 ni Jésù ti kó àwọn ọmọ-ẹ̀yìn lọ síbi ìdákẹ́jẹ́ nígbà tí wọn kò ráyè jẹun. Ìpinnu báyìí kì í ti orí pẹpẹ wá. Ìgbìmọ̀ àwọn àgbà ìjọ ló ń ṣe é, lóṣù Ṣẹẹrẹ, nígbà tí wọ́n bá tẹ́ kàlẹ́ńdà ọdún sílẹ̀ láti kọ ètò sínú rẹ̀.