Odò Iná Òkè Sánmà: Iṣẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Cyril Agodi Onwumechili àti Bí Ó Ṣe Kan Kétu

Cyril Agodi Onwumechili jẹ́ onímọ̀ físíìsì ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n fi iṣẹ́ ìwádìí wọn fún ìṣàn iná mànàmáná kan tí ń gba òkè orí wa kọjá lójoojúmọ́. Ọmọ Ígbò ni wọ́n. A fi wọ́n sínú àkójọ yìí nítorí pé ilẹ̀ Yorùbá, ní Ìbàdàn, ni iṣẹ́ náà ti fìdí múlẹ̀, ohun tí wọ́n sì wọ̀n níbẹ̀ kan Kétu gbọ̀ngbọ̀n.

Kí ẹnikẹ́ni tó béèrè ohun tó da Kétu pọ̀ mọ́ físíìsì, kí ó wo àwòrán ilẹ̀. Kétu àti Ìbàdàn fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lórí ìlà kan náà: méjèèjì fi dígírì méje àti díẹ̀ jìnnà sí agbedeméjì ayé. Bí a bá fa okùn tààrà, nǹkan bí 145 kìlómítà ló wà láàárín wọn. Bí oòrùn bá dé àtàrí ní Ìbàdàn, kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún lọ tí yóò fi dé àtàrí ní Kétu. Ààlà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé pín ní 1889 kò dé òkè sánmà.

Ní nǹkan bí 100 kìlómítà sókè, afẹ́fẹ́ ti fẹ́lẹ́ púpọ̀. Ìtànṣán oòrùn ń já ẹlẹ́ktírọ́ọ̀nù kúrò lára átọ́ọ̀mù ibẹ̀, afẹ́fẹ́ náà á sì di pílásímà, èyí tí iná lè gbà kọjá. Yàtọ̀ sí agbedeméjì ayé tí a mọ̀, agbedeméjì òòfà ayé tún wà, níbi tí abẹ́rẹ́ òòfà tí a so rọ̀ ti máa ń dúró ní ìbú gbọọrọ láìtẹ̀ sísàlẹ̀. Àríwá ilẹ̀ Benin àti ti Nàìjíríà ni ó gbà kọjá lọ́dọ̀ wa. Lọ́sàn-án, iná ń ṣàn lókè ìlà yìí láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn bí odò tó fẹ̀ tó 600 kìlómítà. Sydney Chapman ló sọ ọ́ ní electrojet ní 1951. Létí bèbè gúúsù odò náà ni Kétu àti Ìbàdàn wà.

Ojú kò rí odò yìí. Òòfà ló ń jẹ́rìí rẹ̀. Lábẹ́ àárín rẹ̀ gan-an, agbára òòfà tó nà sí àríwá ń pọ̀ sí i lọ́sàn-án. Ní bèbè gúúsù, odò náà ń fi kún èyí tó ń fà sísàlẹ̀. Ní bèbè àríwá, ó ń fi kún èyí tó ń fà sókè. Nítorí náà, ẹni tó bá gbé ẹ̀rọ ìwọ̀n òòfà kalẹ̀ ní ibùdó púpọ̀ láti gúúsù lọ sí àríwá yóò mọ ibi tí àárín odò náà wà àti bó ṣe fẹ̀ tó. Ohun tí Onwumechili ṣe ní Nàìjíríà nìyẹn, ní àkókò tí orílẹ̀-èdè tó ju ọgọ́ta lọ ń múra sí Ọdún Ìmọ̀ Ilẹ̀-Ayé Káríayé, 1957 sí 1958. Ní 1959 ni àbájáde rẹ̀ jáde. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣe ìṣirò tó fi hàn pé ìṣàn kan ń padà sí ìwọ̀-oòrùn ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì odò náà. Lójú tiwa, èyí ni iṣẹ́ wọn tó lágbára jù.

Ní 1966 wọ́n lọ sí Yunifásítì Nsukka. Ní ọdún kejì ogun dé ibẹ̀. Láti 1979 sí 1982, àwọn ni ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ifẹ̀, kí ó tó kan Wándé Abímbọ́lá tí àwa oníṣẹ̀ṣe mọ̀ dáadáa. Iṣẹ́ ọ́fíìsì kò dá wọn dúró: ní 1980 àti 1981, àwọn àti akẹgbẹ́ wọn, Agu, tẹ àpilẹ̀kọ jáde lórí ohun tí àwọn sátẹ́láìtì POGO rí nípa odò náà. Ní 1997 ni ìwé wọn, The Equatorial Electrojet, jáde.

Lónìí, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni ó mú un kan Kétu. Àmì tí ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì GPS gbọ́dọ̀ gba inú pílásímà kọjá, pílásímà a sì dá a dúró díẹ̀. Ní agbègbè wa, tí oòrùn bá ń gbóná janjan, ìdádúró yìí lè fi ọ̀pọ̀ mítà ṣi ìwọ̀n. Ìṣirò àtúnṣe tó wà nínú fóònù ń mú nǹkan bí ìdajì rẹ̀ kúrò, kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Ẹ̀rọ àwọn awọnlẹ̀ tó ń gba ìgbì oríṣi méjì ló lè mú púpọ̀ jù kúrò. Nígbà tí ìdílé méjì bá ń jà lórí òpó ààlà, mítà mẹ́ta kì í ṣe nǹkan kékeré.

Bí oòrùn bá wọ̀, pàápàá ní oṣù Kẹta àti oṣù Kẹsàn-án, ihò ńláńlá máa ń ṣí nínú pílásímà náà, àmì á sì máa gbọ̀n. Àwọn olùwádìí Ìbàdàn àti ti Ghana ti ń kọ̀wé nípa irú ìdàrúdàpọ̀ alẹ́ yìí láti 1956. Benin ní ibùdó GPS àìyẹsẹ̀ ní Kútọnu, Àgbómẹ̀, Savalou, Parakou, Nikki, Kandi àti Natitingou. Èyí tó sún mọ́ Kétu jù ni ti Àgbómẹ̀ (ìtàn ní àwàdà tirẹ̀), nǹkan bí 70 kìlómítà, ihò kan sì lè wà lórí Kétu kí ó má dé ọ̀hún.